Ilẹ̀kùn wo lèèyàn máa kàn tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ agbára mímọ́?

Olùbéèrè
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tó ń béèrè bí wọ́n ṣe lè ríṣẹ́ nídìí sólà, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àti bátìrì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ìdáhùn sì ti fọ́n káàkiri. Àjọ IRENA, tó ń rí sí agbára tí kì í tán lágbàáyé, ka iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀ sí mílíọ̀nù 13.7 lọ́dún 2022, ó sì di mílíọ̀nù 16.2 lọ́dún 2023. Iye yẹn dùn létí, àmọ́ kò fi ilẹ̀kùn hanni. Kí lèèyàn máa kọ́kọ́ kọ́? Ìwé ẹ̀rí wo ló níye lórí? Kí ni wọ́n máa ń wò lára ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà? Ibo ni ẹni tuntun ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà sí i.

Wáyà Pupa
Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó ilé ẹ̀kọ́, kó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ agbára mímọ́ kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ti wà látijọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àfikún ìmọ̀ díẹ̀ ló sọ ọ́ di tuntun.

Oníná tó ti ń wáyà ilé ti ní ìdajì iṣẹ́ sólà lọ́wọ́. DC, ìyẹn iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti páńẹ́lì, àti bátìrì ló kù tó máa kọ́. Kápẹ́ńtà orí òrùlé mọ ibi tí igi wà lábẹ́ páànù, ó sì mọ ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ oníná ò ní ìmọ̀ yẹn, ìdí nìyẹn tí òrùlé oníbàárà fi máa ń jò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó àkàbà wọn lọ. Wẹ́dà àti àwọn tó ń to irin máa ríṣẹ́ ní pápá sólà ńlá, níbi tí wọ́n ti ń ri ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpó irin mọ́lẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọ gíà, epo àti háídírọ́líìkì dunjú sún mọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ju ẹni tó kàwé nípa àyíká jáde ní yunifásítì lọ. Àwọn tó ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, àwọn ni iṣẹ́ heat pump, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti ibì kan lọ síbòmíì, ń wá lójú méjèèjì, torí gáàsì, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti páìpù bàbà kan náà ni. Kí wọ́n sáà kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú gáàsì R290 dáadáa. Própéènì ni, ó máa ń gbiná.

Torí náà, ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ṣe sápá òsì, kẹ́ ẹ kọ iṣẹ́ tó fara pẹ́ ẹ jù sápá ọ̀tún. Ohun tó bá kù láàárín méjèèjì lẹ máa lọ kọ́.

Ọ̀gá Mítà
Òótọ́ ni. Àmọ́ nínú gbogbo ẹ̀ka tó kan wáyà, ohun kan wà tí kò ṣeé fò: ìmọ̀ iná mànàmáná fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìṣirò tí mo fẹ́ kọ yìí fúnra rẹ̀, kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fi òrùlé oníbàárà sílẹ̀ fún.

Tẹ́ ẹ bá so páńẹ́lì tẹ̀ lé ara wọn, tí pọ́sítíìfù èyí bọ́ sínú nẹ́gẹ́tíìfù ìyẹn, fóltéèjì ló ń ròpọ̀, kọ́rẹ́ǹtì ò yí padà. Sítíríǹgì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá so pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, kọ́rẹ́ǹtì ló ń ròpọ̀, fóltéèjì ò yí padà. Gbogbo èèyàn ló mọ èyí lẹ́nu. Ibi tí wọ́n ti ń jìn sí kòtò rèé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Voc páńẹ́lì kan, ìyẹn fóltéèjì rẹ̀ nígbà tí kò tíì so mọ́ nǹkankan, jẹ́ 49.5V. Ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ DC di iná ilé, ní òun ò gbà ju 500V lọ. Ẹni tuntun máa so mẹ́wàá pọ̀, ó di 495V, ó ní ó ti wọ̀ ọ́. Àmọ́ 49.5V tí wọ́n kọ sẹ́yìn páńẹ́lì, wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà tí ooru sẹ́ẹ̀lì wà ní 25°C ni. Bí òtútù bá ṣe ń mú sí i ni fóltéèjì ń gòkè sí i. Ìwé páńẹ́lì máa sọ ìwọ̀n tó fi ń gòkè. Ká ní -0.27% ni fún 1°C. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ooru bá wà ní 5°C, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 25 jẹ́ 20. Ẹ fi 0.27 lọ̀ ọ́, ẹ máa rí 5.4%. 495V á di 521.7V. Ínfátà yẹn lè jóná láàárọ̀ tútù kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì lè kọ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀, torí fóltéèjì tó wọ inú rẹ̀ sábà máa ń wà nínú mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ náà. Mẹ́sàn-án ló yẹ kó so: 445.5V, tí òtútù á gbé dé nǹkan bíi 470V.

Ẹ wá wo apá bátìrì. Bátìrì LiFePO4, irú bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan, tó ní sẹ́ẹ̀lì 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan 3.2V, ló ń jẹ́ 51.2V. Tó bá jẹ́ 100Ah, agbára inú rẹ̀ jẹ́ 5.12kWh. Tí ínfátà 5kW bá ń fa gbogbo agbára rẹ̀ nígbà tí bátìrì ti rẹ̀ dé 48V, kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba wáyà kọjá á lé ní 110A, torí ínfátà fúnra rẹ̀ náà ń jẹ díẹ̀. Ẹ wá jẹ́ ká sọ pé nọ́ọ̀tì ibi tí wáyà ti kan bátìrì kò le dáadáa, tí ìdènà tó wà níbẹ̀ jẹ́ 0.005Ω péré. 110 lọ́nà 110 lọ́nà 0.005: ó lé ní 60W, ojú ibi kan ṣoṣo tó kéré bí èékánná sì ni gbogbo ooru yẹn wà. Ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ kì í lò ju iye wọ́ọ̀tì yẹn lọ. Páṣítíìkì ibẹ̀ á kọ́kọ́ dúdú, á yọ́, lẹ́yìn náà ẹ mọ ohun tó kù. Ìdí nìyẹn tí spánà tó ń ka Nm, ìyẹn bí nọ́ọ̀tì ṣe fún tó, fi yẹ kó wà nínú àpò yín ṣáájú dírílì olówó gọbọi.

Ẹni Tuntun
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé mítà èyíkéyìí ti tó láti fi kọ́ṣẹ́?

Ọ̀gá Mítà
Rárá o, àbúrò. Ẹ wò ó lára mítà náà: CAT III 1000V, ìyẹn àmì àbò tó sọ fóltéèjì tí mítà lè gbà, ló yẹ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kan sítíríǹgì. Ẹ̀rọ tó ń gbá wáyà mú láti ka kọ́rẹ́ǹtì náà gbọ́dọ̀ lè ka DC, torí ọ̀pọ̀ tó wà lọ́jà, AC, irú iná tó ń wọ ilé, nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Tẹ́ ẹ bá fi kan wáyà páńẹ́lì, òdo ló máa gbé fún yín, ẹ máa rò pé iná ò sí níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan tó ti jó ọ̀pọ̀ mítà: ẹ wọn kọ́rẹ́ǹtì tán, ẹ gbàgbé wáyà pupa sí ihò 10A, ẹ wá fi wọn fóltéèjì bátìrì. Kò yàtọ̀ sí kẹ́ ẹ fi irin so ẹnu bátìrì méjèèjì pọ̀.

Àbò Ṣáájú
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbí, torí iṣẹ́ yìí ń pa èèyàn.

Jíjábọ́ látorí òrùlé ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rù iná. Tí òkè ibi tí àkàbà fara ti bá ga ní mítà 4, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 1, orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ga ju etí òrùlé lọ ní nǹkan bíi mítà 1 kó lè ṣeé dì mú. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé páńẹ́lì gun àkàbà nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Bẹ́líìtì àbò tí kò so mọ́ nǹkankan, aṣọ lásán ni.

Nípa iná, ẹ fi í sọ́kàn pé páńẹ́lì kì í ṣeé pa. Bí oòrùn bá ti ń ràn án, iná wà lẹ́nu rẹ̀, yálà bírékà wà nílẹ̀ tàbí lókè. DC kì í já bí AC ṣe ń já ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà tẹ́ ẹ bá fa ẹnu MC4, èyí tí wọ́n fi ń so wáyà páńẹ́lì pọ̀, yọ nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì ń gba ibẹ̀ kọjá, iná á máa jó láàárín ẹnu méjèèjì, kò ní tètè kú. Ẹ pa ínfátà, ẹ pa bírékà DC, ẹ fi mítà wò ó pé kọ́rẹ́ǹtì ti di òdo, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bírékà AC ò ṣeé fi sójú DC. Ó lè gbiná dípò kó já.

Nídìí bátìrì, ẹ bọ́ òrùka, aago àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹ fi tépù dí gbogbo ara spánà, kó ku ẹnu rẹ̀ nìkan. Spánà tó bá já lu ẹnu bátìrì méjèèjì á pọ́n bí ẹyin iná kẹ́ ẹ tó lè fà á kúrò.

Ọ̀gá tó bá ní kẹ́ ẹ gun òrùlé láìsí bẹ́líìtì, tó ní iṣẹ́ kékeré ni, ẹ fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Atẹ́gùn Lókè
Ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀, ìwé ẹ̀rí àbò lẹ máa kọ́kọ́ mú dání kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ gun òpó. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù lágbàáyé ni ti Global Wind Organisation, tí wọ́n ń pè ní GWO Basic Safety Training. Apá 5 ló ní: ìtọ́jú pàjáwìrì, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́rù, ọ̀rọ̀ iná, iṣẹ́ orí òkè, àti bí èèyàn ṣe ń yè é lójú òkun. Iṣẹ́ orí ilẹ̀ kì í béèrè apá ti òkun, nítorí náà ẹ má san owó rẹ̀ tí kò bá jẹ́ ojú òkun lẹ̀ ń lọ. Ọdún 2 ló ń lò, lẹ́yìn náà ẹ máa padà lọ tún un ṣe. Ẹ má sáré gbà á ní oṣù mẹ́wàá ṣáájú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́, ọjọ́ rẹ̀ á ti máa lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ máa fi okùn rọ̀ sára abẹ̀bẹ̀ láti tún fáíbà rẹ̀ ṣe, ìwé IRATA, ti ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi okùn ṣiṣẹ́ lókè, ló máa gbà. Ìpele mẹ́ta ló ní. Láti kúrò ní ìpele 1 bọ́ sí 2, ó gbọ́dọ̀ ti lo oṣù 12 ó kéré tán, kó sì ti ní wákàtí 1,000 lórí okùn nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ wákàtí yẹn sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọ̀gá sì buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá parí tí kálukú ti tú ká.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ibẹ̀: gígun òpó tó sábà máa ń ga ju mítà 80 lọ, fífún nọ́ọ̀tì ńlá ní ìwọ̀n ẹgbẹẹgbẹ̀rún Nm pẹ̀lú ẹ̀rọ háídírọ́líìkì, bíbu epo gíà lọ fún àyẹ̀wò, wíwá ìdí tí ẹ̀rọ fi dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ máa ń jìnnà sílé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ọ̀yì ń kọ́ lókè, kó sọ ọ́ ní kùtùkùtù. Iṣẹ́ wà fún un nílẹ̀.

Ẹni Tuntun
Ẹni tí kò fẹ́ di spánà mú rárá ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló mọ̀ ọ́n lò.

Akọ̀wé Pápá
Ààyè wọn pọ̀. Ríra ọjà àti kíkó o pamọ́, gbígba ìwé àṣẹ, bíbá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀, yíyàwòrán ibi iṣẹ́, kíka dátà pápá tó ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo máa dá lé, torí èèyàn lè fi í kọ́ra nílé láìná kọ́bọ̀.

Ẹ wọ PVGIS, ti ẹ̀ka ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tàbí Global Solar Atlas, ti Báńkì Àgbáyé. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ mú ibi kan, ẹ wá iye oòrùn tó ń dé ibẹ̀. SAM, tí ilé ìwádìí NREL ní Amẹ́ríkà ṣe náà, ọ̀fẹ́ ni. Ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ fi owó àti ọdún kún ìṣirò. PVsyst làwọn ilé iṣẹ́ ńlá sábà ń lò, àmọ́ ẹni tó bá ti mọ SAM dunjú kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Fún àwòrán ilẹ̀, QGIS.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ìṣirò tí wọ́n ń pè ní performance ratio, PR. Pápá 100kW, ọjọ́ kan tí oòrùn tó dé ojú páńẹ́lì jẹ́ 5.5kWh lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ó yẹ kó mú 550kWh wá tí nǹkankan ò bá dà nù. Ó mú 440kWh wá: PR rẹ̀ jẹ́ 80%, ó dáa. Tó bá jẹ́ 80% lóṣù tó kọjá, tó di 71% lóṣù yìí, ẹ̀yin lẹ máa sọ ìdí. Tó bá rọra ń wálẹ̀ lójoojúmọ́, tí òjò kan rọ̀ tó tún gòkè, eruku ni. Tó bá já wálẹ̀ lójijì tí kò gòkè mọ́, sítíríǹgì kan ti kú tàbí fíúsì ti jó. Tó bá jẹ́ wákàtí kan náà ló ń wálẹ̀ lójoojúmọ́, òjìji nǹkan ló ń bò ó. Ẹni tó bá lè fi ojú ewé 2 ṣàlàyé irú èyí fún mi, pẹ̀lú àwòrán gíráàfù kan, mi ò ní bi í léèrè oyè tó gbà.

Agbaṣẹ́ṣe
Ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe ń yan èèyàn lápá ti pápá. Ìwé ìwáṣẹ́ tó bá kọ «mo ní ìrírí púpọ̀ nínú sólà» kò sọ nǹkankan. Ẹ kọ ọ́ báyìí: 8kW, orí òrùlé páànù, sítíríǹgì 2, ọ̀kọ̀ọ̀kan páńẹ́lì 9, bátìrì 10.24kWh, èmi ni mo fẹnu MC4 sí gbogbo wáyà, mo sì dúró nídìí ìdánwò ìparí. Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe, kì í ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe. Ẹ fi fọ́tò 6 tàbí 7 kún un: inú àpótí bírékà kẹ́ ẹ tó dé e, àmì tó wà lára wáyà, ibi tí bọ́ọ̀tì ti wọ òrùlé. Fọ́tò ẹni tó dúró níwájú páńẹ́lì tó ń rẹ́rìn-ín ò kàn wá.

Lọ́jọ́ ìdánwò, a máa gbé ìṣòro kan síwájú yín. Èyí tó wọ́pọ̀: ínfátà ń kọ ISO fault, ìyẹn pé iná ń jò lọ sílẹ̀, láràárọ̀, tó bá di ọ̀sán, á lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ká pààrọ̀ ínfátà. Ẹni tó mọ̀ á béèrè nípa ìrì. Wáyà kan ti họ lára etí irin, tàbí ẹnu MC4 kan ò wọlé tán, omi sì wọ̀ ọ́. Iná ń gba ibẹ̀ lọ sílẹ̀, tí oòrùn bá gbẹ omi náà tán, àìsàn náà á lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wá ibẹ̀. Nígbà tó ṣì tutù, ẹ pa ínfátà, ẹ pa bírékà DC, ẹ yọ sítíríǹgì náà sọ́tọ̀. Ẹ wọn pọ́sítíìfù sí wáyà ilẹ̀, lẹ́yìn náà nẹ́gẹ́tíìfù sí wáyà ilẹ̀. Ká ní páńẹ́lì 10 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan 40V. Tí pọ́sítíìfù bá ka 120V, tí nẹ́gẹ́tíìfù sì ka 280V, ẹ fi 40 pín 120: 3. Àárín páńẹ́lì kẹta àti ìkẹrin, tẹ́ ẹ bá kà á láti apá pọ́sítíìfù, ni wáyà ti họ. Ẹ ò ní tú gbogbo òrùlé.

Ẹ tún ka ohun tí ìlànà àgbáyé IEC 62446-1 ní ká dán wò kí sítíríǹgì tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: wáyà ilẹ̀, pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù, Voc, Isc (kọ́rẹ́ǹtì nígbà tí ẹnu méjèèjì bá so pọ̀), àti ìdènà ara wáyà. Fún sítíríǹgì tó lé ní 500V àmọ́ tí kò ju 1000V lọ, 1000V ni wọ́n fi ń dán ìdènà náà wò, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 1MΩ.

Wáyà Pupa
Ọ̀gá, ẹ ò sọ̀rọ̀ nípa ìwé ẹ̀rí sólà tí wọ́n ń fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ gbà. Èmi ò kà á sí.

Agbaṣẹ́ṣe
Mi ò ní sọ pé kò wúlò rárá. Ó wúlò tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá kan nǹkan. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: èèyàn mélòó ló máa pín ínfátà kan lò? Ẹnu MC4 mélòó ni mo máa ṣe fúnra mi? Ṣé òrùlé àfikọ́ṣẹ́ wà? Tí wọ́n bá ní àwòrán lórí ògiri làwọn fi ń kọ́ni, ẹ lọ ṣe ọmọ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́. Fún iṣẹ́ tó máa wọ wáyà ìjọba, ìwé àṣẹ oníná ni òfin sábà ń béèrè, kò sì sí ìwé sólà kankan tó lè rọ́pò rẹ̀.

Àbò Ṣáájú
Kẹ́ ẹ má gbàgbé èyí: ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun tó fún yín níṣẹ́, olè ni. Ẹ sì bi ẹni tó fẹ́ gbà yín, ta ló ń ra bẹ́líìtì, ta ló ń sanwó ìwòsàn tí èèyàn bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́. Kó fi í sínú ìwé.

Ẹni Tuntun
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣeun. Kí ni mo lè rà láti fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ra nílé?

Ọ̀gá Mítà
Páńẹ́lì 50W kan, tí Voc rẹ̀ máa wà ní nǹkan bíi 22V. Kò lè pa yín. Bátìrì 12V kan, charge controller 10A (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páńẹ́lì sínú bátìrì), gílóòbù DC kan, fíúsì 10A tó sún mọ́ ẹnu pọ́sítíìfù bátìrì, àti mítà tá a jọ sọ lókè yẹn. Bátìrì lẹ máa kọ́kọ́ so mọ́ controller, lẹ́yìn náà páńẹ́lì, torí ara bátìrì ni controller ti máa ń mọ̀ bóyá 12V tàbí 24V ni. Tẹ́ ẹ bá ń tú u, páńẹ́lì ló máa kọ́kọ́ kúrò.

Ẹ wọn Voc láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án gangan nígbà tí ara páńẹ́lì bá gbóná. Ẹ máa fojú ara yín rí ohun tí mo sọ nípa òtútù. Ẹ fi páálí bo sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ wo bí kọ́rẹ́ǹtì ṣe máa já wálẹ̀. Ẹ ra ẹnu MC4 bíi 20 àti irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ gan-an, kì í ṣe pílásì. Ẹ ṣe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fà á tagbáratagbára, ẹ gé èyí tó bá yọ, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀ bóyá okùn bàbà wà níta. Ilé iṣẹ́ kan náà ni kí akọ àti abo ẹnu náà ti wá. Bí wọ́n bá tilẹ̀ wọnú ara wọn, tí ibi tí wọ́n ti wá bá yàtọ̀, ó lè gbóná títí á fi jó. Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá wọ̀n sínú ìwé kan: ọjọ́, aago, bójú ọjọ́ ṣe rí, V, A. Ìwé yẹn lẹ máa gbé lọ bá Agbaṣẹ́ṣe lọ́jọ́ ìdánwò.